Kí Ó Tó Tẹ Enter

Àṣẹ tó ń yí háàdì padà láti MBR sí GPT, ìyẹn láti ìlànà àtijọ́ sí ìlànà tuntun tí háàdì fi ń kọ ààlà àwọn ìpín rẹ̀, kò ju ìlà kan lọ: mbr2gpt /convert /disk:0 /allowFullOS. Ọmọdé tó bá ti mọ kíbọ́ọ̀dù lè tẹ̀ ẹ́, kò sì ní pẹ́ tí ẹ̀rọ yóò fi dáhùn pé iṣẹ́ ti parí. Ìdí nìyí tí àwọn oníbàárà kan fi máa ń bá àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Computer Village, Ìkẹjà, fa ọ̀rọ̀ owó. "Ṣé èyí tí ẹ tẹ̀ yìí náà lẹ fẹ́ gba gbogbo owó yìí lé lórí?" Mo ti jókòó ti ọ̀gá kan nínú wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Ọ̀tìgbà, mo sì ti tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ tó ń gbowó lé lórí máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ìka rẹ̀ tó kan kíbọ́ọ̀dù. Nígbà mìíràn pàápàá, yóò yẹ gbogbo rẹ̀ wò tán, yóò sì ní òun ò ní yí i padà.

Windows 11 ló sọ iṣẹ́ yìí di ti ojoojúmọ́. Oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni Microsoft gbé e jáde, wọ́n sì ní kọ̀ǹpútà tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ lè gbéra nípasẹ̀ UEFI, ìlànà ìgbéra tuntun, kí ó lè ṣe Secure Boot, kí ó sì ní ẹ̀yà ààbò TPM 2.0. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dópin. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó kún ọjà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lè ṣe UEFI láìsí wàhálà, àmọ́ ẹni tó fi Windows sí i kẹ́yìn lo fláàṣì tí wọ́n ṣe ní ìlànà àtijọ́, háàdì bá di MBR. Windows tó bá sì wà lórí MBR kì í gbéra lábẹ́ UEFI. Ẹni tó ni ẹ̀rọ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ fọ́máàtì rárá, nítorí fọ́tò ìkómọjáde, ìwé iṣẹ́, àti àwọn ètò tí kò rántí ibi tó ti rí wọn mọ́ ló kún inú rẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n yí háàdì padà, kí ohunkóhun inú rẹ̀ má sì kúrò nípò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ọwọ́ náà ń kàn. Háàdì fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ C tàbí D. Sẹ́kítọ̀ ni gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gba báìtì 512, a sì to nọ́ńbà wọn láti òdo lọ. Nínú sẹ́kítọ̀ òdo ni MBR wà. Báìtì 446 àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ètò kékeré tó ń ta ẹ̀rọ jí. Báìtì 64 tó tẹ̀ lé e ni àkọsílẹ̀ ààlà: 16 fún ìpín kan, ìpín mẹ́rin péré. Báìtì 2 tó kẹ́yìn ni àmì 55AA, tó ń jẹ́rìí pé ojúlówó ni sẹ́kítọ̀ náà. Ó pé 512 gééré, kò ṣẹ́ kù kò sì lé. Oṣù kẹta ọdún 1983 ni ìlànà yìí bá PC DOS 2.0 dé, nígbà tí háàdì inú IBM PC XT jẹ́ megabáìtì 10. Ìpín mẹ́rin fún megabáìtì 10! Lójú ẹni ìgbà náà, ọ̀làwọ́ ni wọ́n.

Ibi tí bàtà wọn ti wá ń ta ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń kọ ibẹ̀rẹ̀ àti gígùn ìpín. Kò ju bíìtì 32 lọ. Ìyẹn túmọ̀ sí sẹ́kítọ̀ 4,294,967,296. Ẹ fi báìtì 512 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí terabáìtì 2.2. Ohunkóhun tó bá kọjá ibẹ̀, MBR kò ní nọ́ńbà tí yóò fi pè é. Ẹni tó ra háàdì terabáìtì 4 fún fídíò ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì fi MBR sí i, yóò rí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lò, ìyókù yóò máa wò ó níran. Ti ìpín mẹ́rin yẹn náà, wọ́n wá ọgbọ́n dá sí i: wọ́n ní kí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa gbé àwọn ìpín mìíràn sínú. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ṣe ń tọ́ka sí èkejì lọ ni, tí ọ̀kan bá já láàrin, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pòórá.

GPT tó rọ́pò rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Intel, ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n ń ṣe EFI, tó di UEFI lẹ́yìn náà, fún àwọn ẹ̀rọ Itanium. Láti ọdún 2005 ni UEFI Forum ti gba ìtọ́jú rẹ̀. Nínú ti GPT, sẹ́kítọ̀ 1 ni orí ìwé; báìtì mẹ́jọ tó ṣáájú nínú rẹ̀ ni EFI PART. Láti sẹ́kítọ̀ 2 dé 33 ni àkọsílẹ̀ ìpín, 128 ni wọ́n, báìtì 128 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ààlà di bíìtì 64. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó sì ní àmì ìdánimọ̀ gígùn tí wọ́n ń pè ní GUID. Wọ́n tún fi ẹ̀dà kejì sí ìdí háàdì, sínú sẹ́kítọ̀ 33 tó kẹ́yìn, wọ́n sì fi ìṣirò CRC32 ṣọ́ ọ, tí ẹ̀rọ fi lè mọ̀ bí báìtì kan ṣoṣo bá yí padà. MBR kò ní irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀. Bí sẹ́kítọ̀ òdo rẹ̀ bá bàjẹ́, ó bàjẹ́ náà nìyẹn.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe sí sẹ́kítọ̀ òdo. GPT kò nílò rẹ̀. Wọn ì bá fi í sílẹ̀ lófìfo. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ MBR kan síbẹ̀ tó ní ìpín kan ṣoṣo, irú EE, tó nà bo gbogbo háàdì. Bí irinṣẹ́ àtijọ́ tí kò gbọ́ GPT rí bá dé, yóò rí i pé háàdì ti kún, pé ẹlòmíràn ti ni ín, kò sì ní sọ pé ó ṣófo kí ó wá máa wá ẹni tí yóò jẹ́ kí òun pín in. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀ wá fi irinṣẹ́ ọdún 1983 kàn án, wọ́n sì ti dáàbò bo iṣẹ́ wọn dè é. Mo ka irú ìrònú yìí sí iṣẹ́ ọnà.

Bí awọnlẹ̀ bá tún ìwé ilẹ̀ yà, tó sì kọ nọ́ńbà tuntun sára òpó ààlà, igi ọsàn tó wà láàrin ilẹ̀ kò ní sún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni yíyí MBR sí GPT rí. Fọ́tò tó wà ní sẹ́kítọ̀ mílíọ̀nù kan yóò ṣì wà níbẹ̀. Ìwé tó ń sọ ibi tí ààlà wà ni wọ́n tún kọ. Iwájú háàdì sì máa ń láyè fún un. Láyé Windows XP, sẹ́kítọ̀ 63 ni ìpín àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti Windows Vista, ó di 2048. Sẹ́kítọ̀ 33 tí GPT ń fẹ́ lẹ́yìn òdo yóò wọlé síbẹ̀ láìtẹ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Àmọ́ bí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ ìpín bá fi sẹ́kítọ̀ kan péré ṣìnà, Windows yóò ní òun ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, yóò sì béèrè bóyá kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà níbẹ̀, tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ló pa fáìlì ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, ìyá kan tó jẹ́ tíṣà gbé láptọ́ọ̀pù HP rẹ̀ wá fún iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀gá náà bi í kò kan Windows rárá. "Mọ̀mí, kí ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò gbọ́dọ̀ pàdánù?" Ìyá náà ní èsì ìdánwò àwọn ọmọ ni, àti fọ́tò ọkọ òun tó ti sùn. "Ṣé ẹ̀dà wọn wà níbòmíràn?" Kò sí. Ó bá gbé háàdì kan jáde láti inú àpótí, ó ní kí ọmọṣẹ́ máa kó wọn sínú rẹ̀. Ìyá náà ń wo aago. Ó sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé bí kò bá sáyè fún ìyẹn lónìí, kí wọ́n fi iṣẹ́ náà sí ọ̀la. Mo ti rí oníbàárà tó bínú gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ kejì nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀gá náà kò pè é padà.

Ìyá yìí gbà láti dúró. Bí ẹ̀dà ṣe ń lọ lọ́wọ́, ọ̀gá ṣí CrystalDiskInfo láti wo ìlera háàdì. Ó ń wá àwọn sẹ́kítọ̀ tó ti bàjẹ́ tí háàdì ti fi òmíràn rọ́pò, àti àwọn tó ṣì ń dúró de ìdájọ́. Àṣẹ yìí yóò dín C kù díẹ̀, háàdì tó ti ń ṣàárẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí a ń dín ìpín rẹ̀ kù, nítorí dídín ìpín kù lè gba pé kí fáìlì kó láti ibì kan lọ síbòmíràn. Ti ìyá náà dára. Ó tún ṣí msinfo32, ó rí Legacy, ìyẹn ìlànà ìgbéra àtijọ́, níbi tí wọ́n kọ BIOS Mode sí, ó rí x64 níbi irú ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀dà parí, ó pa á, ó tàn án padà, ó tẹ F10 kó lè wọ BIOS, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìgbéra ẹ̀rọ, ó wo bóyá ibi tí wọ́n ti ń yan UEFI wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Kò yí nǹkan kan padà. Ó kàn wò ó, ó sì jáde. Mo bi í ìdí tó fi tètè wò ó. Ó ní òun kì í kúrò ní etí odò kan láìmọ̀ bóyá ilẹ̀ wà ní òdìkejì.

Kíka ìpín ni mo gbádùn jù láti máa wò. mbr2gpt kò gbà ju ìpín mẹ́ta lọ lórí MBR, kò sì gba èyí tó ń gbé ìpín mìíràn sínú. Àwọn láptọ́ọ̀pù HP tí wọ́n tà pẹ̀lú Windows 7 sì sábà máa ń ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú mẹ́rin: SYSTEM, C, RECOVERY àti HP_TOOLS. Ẹni tó sún un láti Windows 7 dé Windows 10 sún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀. Ẹni tó ṣe ẹ̀dà háàdì náà sínú SSD tuntun, kódà tó gbé SSD ọ̀hún sínú láptọ́ọ̀pù tuntun, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bá a lọ. Nígbà tí irinṣẹ́ Microsoft bá wá kọ̀, ọmọṣẹ́ tó ń kánjú yóò sáré wá ètò mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò fi ipá ṣe é.

Ọ̀gá yìí ṣí diskpart lórí ẹ̀rọ ìyá náà. Ó tẹ list disk, ó wo abẹ́ ibi tí wọ́n kọ Gpt sí. Ìràwọ̀ kankan kò sí níbẹ̀, MBR ni. Ó tẹ list partition, ó wá dákẹ́. Ìpín mẹ́rin wà lójú ẹ̀rọ, ó sì ń kà wọ́n bí ẹni ń ka lẹ́tà tó ti ọ̀nà jíjìn dé. "Èwo la máa yọ?" ó bi ọmọṣẹ́. Ọmọ náà na ìka sí SYSTEM, nítorí pé ó kéré, kò sì ní lẹ́tà kankan tó ń jẹ́. Ọ̀gá mi orí. Nínú ìpín kékeré yẹn ni ohun tó ń gbé Windows dìde wà. Ẹni tó bá ń fi ìwọ̀n yan èyí tí yóò pa, èyí ni yóò kọ́kọ́ pa. RECOVERY tóbi, àmọ́ Windows 7 ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ ó béèrè lọ́wọ́ ìyá náà kó tó ṣe ìpinnu, nítorí ìyá náà ló ni ín. HP_TOOLS kò ju irinṣẹ́ àyẹ̀wò lọ. Ó dà á kọ sórí fláàṣì, ó lẹ àkọlé mọ́ fláàṣì náà lára, ó yọ ìpín ọ̀hún kúrò. Mẹ́ta ló kù. RECOVERY ṣì wà níbẹ̀, nítorí kò sí ìdí láti yọ méjì níbi tí ọ̀kan ti tó.

Ọ̀fìn kan tún wà tó máa ń fi han àwọn ọmọṣẹ́. Bí ìpín bá ti pé mẹ́rin, tí ẹnì kan sì fẹ́ dá ìkarùn-ún nínú Disk Management, Windows yóò ní òun yóò sọ háàdì náà di Dynamic, yóò sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá kí òun máa ṣe é. Àìmọye ènìyàn ló ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n sì gbàgbé. Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọn ò ní mọ ìdí tí mbr2gpt kò fi fẹ́ gbọ́ orúkọ háàdì wọn. Àwọ̀ tí Disk Management fi ń kun ìpín ni ọ̀gá fi ń dá irú rẹ̀ mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Ó dá BitLocker, ètò tó ń ti háàdì pa, dúró, ó sì wo bàtírì. Ó ti kún. Ní Ìkẹjà, iná lè lọ nígbàkígbà, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí iná lọ nígbà tí wọ́n ń kọ ààlà. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, kò ní ṣe é láìsí ínfátà. Ìgbà yìí ló tẹ àṣẹ, síbẹ̀ kì í ṣe èyí tí oníbàárà ń rò: validate ló kọ́kọ́ tẹ̀. Ìyẹn kò kọ nǹkan kan sórí háàdì. Ó kàn ń sọ bóyá yóò ṣeé ṣe. Nígbà tó gbà, ó fi convert rọ́pò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yára, àmọ́ ẹ̀rọ ń sọ ọ́ ní ìlà-ìlà. Ó tún háàdì yẹ̀ wò. Ó gé díẹ̀ kúrò lára C láti fi ṣe ìpín EFI. Ó kó àwọn fáìlì tí UEFI yóò lò síbẹ̀. Ó kọ GPT, ó ṣàtúnṣe àkọsílẹ̀ ìgbéra, ó dá lẹ́tà ìpín kọ̀ọ̀kan padà fún un. Lórí háàdì 500 gígábáìtì, ohun tó kọ fún ààlà gan-an kò tó sẹ́kítọ̀ 100.

Kó tó pa ẹ̀rọ, ó yíjú sí ìyá náà. "Mọ̀mí, ó máa sọ pé òun ò rí Windows. Ẹ má jáyà o, èmi ni mi ò tíì sọ fún un." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ẹ̀rọ gbéra ní ìlànà Legacy, ó wá ohun tó mọ̀ sí sẹ́kítọ̀ òdo, kò rí i, ó ní kò sí ohun tí òun lè gbé dìde. Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ tó ń ṣe é fúnra wọn nílé ti máa ń rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, tí wọ́n á sì tún fi Windows sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á nu ohun tí kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá tẹ F10, ó yan UEFI, ó jáde. Windows dé. Ó lọ wo reagentc /info, nítorí ìyípadà yìí lè mú kí ọ̀nà àtúnṣe Windows pa. Ó rí i pé ó ti pa lóòótọ́, ó tàn án. Kò sọ èyí fún ìyá náà. Kò sí bí ìyá náà yóò ṣe mọ̀, àyàfi lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ó ní ohun méjì mìíràn tó máa ń wò. Káàdì àwòrán àtijọ́ kan wà tí kò mọ UEFI; bí wọ́n bá pa Legacy lórí ẹ̀rọ tó ní i, ojú ẹ̀rọ yóò ṣókùnkùn biribiri, kò sì ní sí ibi tí wọn yóò ti rí BIOS láti dá a padà. Èkejì ni bàtírì CR2032 tó wà lórí pátákó inú rẹ̀. Bí ó bá kú, BIOS lè gbàgbé ohun tí wọ́n yàn, kó padà sí Legacy, oníṣẹ́ mìíràn tí kò mọ̀ yóò sì ní háàdì ti bàjẹ́. Ó máa ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀ láìbéèrè owó lé e. Lójú mi, ìyẹn nìkan tó láti fi mọ irú ènìyàn tó jẹ́.

Àwọn tó ń lo Linux ní irinṣẹ́ tí mo ka sí èyí tó ní ìwà jù lọ nínú gbogbo wọn: gdisk, tí Roderick Smith kọ. Bí ó bá bá MBR pàdé, yóò yí i sí GPT nínú ìrántí ẹ̀rọ nìkan. Háàdì kò tíì mọ ohun tó ń lọ. Ẹ lè tẹ p kí ẹ rí bí ààlà tuntun yóò ṣe rí, kí ẹ tẹ v kó yẹ̀ ẹ́ wò fún yín, kí ẹ yí èrò padà, kí ẹ tẹ q, kí ẹ sì máa lọ, bí ẹni pé ẹ ò wá rárá. Àfi ìgbà tí ẹ bá tẹ w. Irinṣẹ́ yìí gbà pé ẹni tó ń lò ó lè fẹ́ ronú, ó sì fún un láyè láti ronú.

Ìdí háàdì ló máa ń yọ àwọn onílinux lẹ́nu. GPT ń fẹ́ sẹ́kítọ̀ 33 níbẹ̀ fún ẹ̀dà kejì, nígbà mìíràn ìpín tó kẹ́yìn sì ti na ẹsẹ̀ dé òpin pátápátá. Bí ó bá jẹ́ swap, àyè tó ń ran ìrántí ẹ̀rọ lọ́wọ́, ló wà níbẹ̀, inú oníṣẹ́ á dùn: yóò pa á, yóò sì dá òmíràn tó kéré díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibi tí fáìlì wà ni, yóò kọ́kọ́ dín ètò fáìlì kù, lẹ́yìn náà ìpín, bí ó bá sì gbé èyí tó yẹ kó kẹ́yìn ṣáájú, ó di ẹkún.

Ọ̀rọ̀ GRUB, ètò tó ń gbé Linux dìde, tún wà níbẹ̀. Lórí MBR, GRUB máa ń fi ara pamọ́ sínú àyè tó ṣófo láàrin sẹ́kítọ̀ òdo àti ìpín àkọ́kọ́, ibi tí ẹnikẹ́ni kò fún un. Ibẹ̀ gan-an sì ni GPT ń kọ́lé sí. Ẹni tó bá yí háàdì padà láìronú nípa èyí yóò rí i pé gbogbo fáìlì wà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè gbé wọn dìde. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n yóò ti dá ìpín EFI sílẹ̀, tàbí, bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ti BIOS àtijọ́, ìpín kékeré kan tó jẹ́ ti GRUB nìkan, megabáìtì 1 péré. Àmì GUID tí wọ́n fún ìpín yẹn ni 21686148-6449-6E6F-744E-656564454649. Ó dà bí nọ́ńbà lásán. Bí ẹ bá wo báìtì rẹ̀ bí wọ́n ṣe tò lórí háàdì, tí ẹ sì kà wọ́n bíi lẹ́tà, ohun tí ẹ ó rí ni Hah!IdontNeedEFI. Ẹnì kan ń fi ẹ̀fẹ̀ ṣe Intel, ó sì kọ ọ́ síbi tó jẹ́ pé àwọn tó ń wo háàdì ní báìtì-báìtì nìkan ni yóò rẹ́rìn-ín.

Ti kíkọ̀ ńkọ́? Mo ti rí i tó kọ̀ dáadáa. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan gbé láptọ́ọ̀pù Core 2 Duo wá, ó ní ọ̀rẹ́ òun sọ pé GPT ló dára. BIOS rẹ̀ kò mọ UEFI, háàdì rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin ohun tí MBR lè kà. "Àbúrò, ti ẹ dáa bó ṣe wà. Fi owó yẹn ra RAM." Bí atẹ̀wé kan láti Ṣómólú bá gbé kọ̀ǹpútà Windows XP tó ń darí ẹ̀rọ àtijọ́ wá, kò ní fi GPT sí háàdì ìpamọ́ rẹ̀, nítorí XP oníbíìtì 32 kò ní lè kà á. Fláàṣì tí wọ́n fẹ́ fi gbọ́ orin nínú mọ́tò, MBR ni. Fláàṣì tí wọ́n fẹ́ fi gbé Windows sínú ẹ̀rọ tuntun, GPT ni yóò yàn nínú Rufus, ètò tó ń ṣe irú fláàṣì bẹ́ẹ̀; bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ ni, yóò yan MBR. Kì í bi oníbàárà léèrè èyí tó fẹ́. Ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún, àti ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ fi kàn án, ni yóò béèrè.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó jọ mí lójú jù kò ní ìyípadà kankan nínú. Fọ́tógíráfà kan gbé háàdì terabáìtì 3 wá. Ilé tí háàdì náà ń gbé, èyí tó ní okùn USB, ti jóná. Ó tú u síta, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tààrà, Windows sì ní kí ó fọ́máàtì rẹ̀. Ọdún mélòó kan ìgbéyàwó àti ìsìnkú àwọn ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Ẹni méjì ti sọ fún un pé àfi kí wọ́n lo ètò tí ń wá fáìlì tó sọnù, tí yóò gbé fọ́tò jáde láìní orúkọ, láìsí fódà.

Ọ̀gá béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tó wà nínú ilé rẹ̀, ṣé odindi terabáìtì 3 lẹ ń rí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìpín kan ṣoṣo ni. Ọ̀gá wo sẹ́kítọ̀ òdo. MBR ni, ìpín kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti sẹ́kítọ̀ 256. MBR kò lè ka terabáìtì 3, a ti sọ bẹ́ẹ̀. Báwo ló ṣe wá kà á? Ó rẹ́rìn-ín. Irú ilé USB kan wà tó máa ń purọ́ fún kọ̀ǹpútà pé sẹ́kítọ̀ háàdì jẹ́ báìtì 4096, kí MBR lè kà dé terabáìtì 17.6, kí ó sì lè bá Windows XP ṣiṣẹ́. Bí háàdì bá ti kúrò nínú ilé bẹ́ẹ̀, sẹ́kítọ̀ rẹ̀ padà di 512. Sẹ́kítọ̀ 256 tí wọ́n kọ sílẹ̀ wá ń tọ́ka sí ibi tí kò sí nǹkan kan. Ibi tó yẹ kó máa tọ́ka sí ni 2048, ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ ṣàtúnṣe nọ́ńbà náà lórí MBR, gígùn ìpín lọ́nà mẹ́jọ kò ní wọlé sínú bíìtì 32.

Nítorí náà kò ṣàtúnṣe ohunkóhun. Ó fi Linux gbé kọ̀ǹpútà dìde, ó ní kí ó ṣí háàdì náà fún kíkà nìkan, láti báìtì 1,048,576, ìyẹn 256 lọ́nà 4096. Gbogbo fódà jáde, orúkọ ìyàwó àti ọkọ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò kọ báìtì kan sórí rẹ̀. Ó ní kí fọ́tógíráfà lọ ra háàdì terabáìtì 4 àti ilé USB tuntun. Nígbà tí ó kó wọn dé, ọ̀gá fi GPT sí háàdì tuntun náà. GPT náà ń ka sẹ́kítọ̀ o, bí ilé tuntun bá tún ń purọ́, ohun kan náà yóò ṣẹlẹ̀. Ó da fáìlì kékeré kan sórí rẹ̀ nínú ilé USB, ó yọ ọ́, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tààrà, ó rí fáìlì náà. Ìgbà yẹn ló jẹ́ kí ọmọṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kó fọ́tò sínú rẹ̀.